Bí Ẹ Ṣe Máa Kó Èrò Gun Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lẹ́bàá Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, àwa bíi mẹ́wàá fẹ́ wá gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ọ̀sà l'Ágbádárìgì. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Kí la máa mú dání?" Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọjá ohun téèyàn ń sọ tán lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ní lọ́kàn o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú kẹ́ ẹ tó ka ìyókù: ẹni tó gbẹ́yìn ló ni ìrìn náà. Bó bá ṣe yára tó ni gbogbo yín máa yára tó, ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ lẹ máa ti sinmi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi kó èrò lọ, mi ò mọ èyí. Àwa mẹ́rìnlá la gbéra, èmi ni mo wà níwájú, inú mi ń dùn, mi ò wẹ̀yìn. Nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, èèyàn mẹ́fà péré ló kù. Àǹtí kan tó jẹ́ àlejò ìlú ti yà sí àdúgbò tí kò mọ̀, iná ti tán lórí fóònù rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú la fi wá a kiri. Abẹ́ igi kan la ti rí i, ó jókòó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí.

## Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀nà

Marina nìkan, ìyẹn ọ̀nà tó gba etí ọ̀sà l'Ágbádárìgì. Èyí ni kí ẹni tó bá ń kó èrò lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ mú. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí yín lára. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1845, wà lójú ọ̀nà yìí, ibẹ̀ sì dáa láti dúró sinmi. Ọjà ẹrú Vlekete àti ilé Sẹ́ríkí Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, ò jìnnà síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lọ tẹ́ ẹ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tó fún ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan kẹ̀kẹ́ láti ọdún mẹ́wàá.

Marina dé apá Topo, níbi tí ASCON, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wà. Fún àwọn tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyí. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọkọ̀ àti ọ̀kadà sì ń gba ibẹ̀. Ẹ má kó ọmọdé lọ.

Marina, kẹ́ ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu lódìkejì ọ̀sà. Òun lọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́, òun náà ló sì gba ìfarabalẹ̀ jù. Mo ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún un nísàlẹ̀.

Ibi tí mi ò ní gbà fún yín láé ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Láti 2009 ni iṣẹ́ ti wà lórí ọ̀nà yẹn. Ọkọ̀ máa ń ṣàdédé yà bọ́ sójú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, tírélà ń sáré, kò sì sí etí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè sá sí. Ọ̀nà Seme náà, tó lọ sí ẹnubodè, ẹ fi í sílẹ̀: àwọn agbófinró pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó máa dúró ṣàlàyé ara yín ju bẹ́ ẹ ṣe máa gun kẹ̀kẹ́ lọ.

## Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kọ́jọ́ tó pé

1. Ẹ lọ wo ọ̀nà náà fúnra yín. Kó jẹ́ orí kẹ̀kẹ́ lẹ máa wà, kó sì jẹ́ irú ọjọ́ àti wákàtí tẹ́ ẹ fẹ́ kó èrò lọ. Ọ̀nà tó dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ kọ ibi tí kòtò wà sílẹ̀, ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ti bo ojú ọ̀nà, ibi tí ìbòòji wà, ibi tí fọ́kánáísà jókòó sí, àti ibi tẹ́ ẹ ti lè rí ilé ìyàgbẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn ọkùnrin tó ń ṣètò máa ń gbàgbé, àwọn obìnrin ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

2. Ẹ mọ iye èèyàn. Mi ò ń kó ju èèyàn méjìlá lọ sábẹ́ aṣáájú kan. Bẹ́ ẹ bá tó ogún, ẹ pín ara yín sọ́nà méjì, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní aṣáájú àti ẹni ìkẹ́yìn (ẹni tí á máa ṣọ́ ẹ̀yìn) tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jìnnà síra.

3. Ẹ bi olúkúlùkù ní ìbéèrè mẹ́ta ní kọ̀rọ̀. Ìgbà wo lo gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn? Ta ló ni kẹ̀kẹ́ tó o máa gùn? Ṣé àìsàn kan wà tó yẹ kí n mọ̀, bí ikọ́ fée tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nílé rẹ̀. Ẹ má béèrè ọ̀rọ̀ àìsàn láàárín èrò, torí ojú ò ní jẹ́ kí wọ́n sòótọ́.

4. Ẹ mú ọjọ́. Láti November sí February ló dáa jù. Ọyẹ́ lè gbẹ yín lẹ́nu, eruku sì lè wọ ojú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbẹ. June burú: òjò lè máa rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá jẹ́ Sátidé, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì parí kó tó di aago mọ́kànlá, torí lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń ta kánópì dí àdúgbò fún òde.

5. Ẹ sọ̀rọ̀ owó síta. Owó ọkọ̀, owó omi àti ìpápánu, owó ẹni tó máa ṣọ́ kẹ̀kẹ́, àti owó tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún àìròtẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn lórí WhatsApp. Ìjà tí mo rí rí nínú irú ìrìn báyìí, owó ló fà á.

6. Ẹ wá ọkọ̀ agbanilà. Bí agbára yín bá ká a, ẹ háyà kẹ̀kẹ́ Márúwà kan kó máa tẹ̀ lé yín. Ẹni tó bá rẹ̀ máa wọnú rẹ̀, wọ́n á so kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bí owó ò bá tó, ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́kadà méjì tẹ́ ẹ mọ̀ ládùúgbò.

## Ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ wò, pàápàá tòkunbọ̀

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni kẹ́ ẹ ṣe èyí, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà lẹ rí i pé bíréèkì ò mú, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sí i mọ́.

- Ẹ tẹ bíréèkì iwájú, kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Táyà ò gbọ́dọ̀ yí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tẹ̀yìn.
- Ẹ di táyà iwájú mú láàárín ẹsẹ̀ yín, kẹ́ ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ọwọ́ bá ń yí lọ́tọ̀, ẹ fún un.
- Ẹ jókòó sórí rẹ̀. Nígbà tí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó yẹ kí orúnkún yín ká díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Orúnkún tó bá ká jù á máa dùn yín lálẹ́.
- Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà bóyá ó ti ń là. Táyà tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ nínú kọ̀ntẹ́nà máa ń là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, kódà bí ojú rẹ̀ ò tíì jẹ.
- Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ṣéènì, kẹ́ ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ sí i, kẹ́ ẹ tún nu èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ má lo òróró ẹ̀pà. Ó máa ń dì, á sì so iyẹ̀pẹ̀ mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ fáàfù wà níbí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. Oríṣiríṣi fáàfù ló wà lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Ọ̀kan nípọn, ó rí bíi ti ọkọ̀ àti ọ̀kadà. Òmíràn tín-ín-rín bí ìkọ́ bírò, ó ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí tẹ́ ẹ máa tú kí atẹ́gùn tó lè wọlé. Ẹnu rọ́bà àwọn fọ́kánáísà wa, ti ọkọ̀ ló bá mu. Ọmọkùnrin kan bá wa lọ lọ́dún kan, táyà rẹ̀ jò, a rí fọ́kánáísà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, a sì dúpẹ́. Àfi ìgbà tó gbé rọ́bà dé orí fáàfù tín-ín-rín yẹn tí atẹ́gùn ń tú fùùù sí ẹ̀gbẹ́. Ó gbìyànjú bí ìgbà mẹ́rin, ó mi orí. Ẹsẹ̀ lọmọ náà fi ti kẹ̀kẹ́ délé. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́, kò ju orí ìka lọ. Tẹ́ ẹ bá dè é mọ́ fáàfù tín-ín-rín, á di bíi ti ọkọ̀. Ẹ ra méjì. Ẹ kó o sínú àpò irinṣẹ́.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú àpò irinṣẹ́ ẹgbẹ́:

- pọ́ǹpù ọwọ́ àti irin fáàfù
- tíúbù tuntun méjì, tó bá táyà yín mu ní nọ́ńbà (ẹ ka ohun tó wà lára táyà)
- gúlù, rọ́bà ìlẹ táyà àti sáńpépà
- sípánà tó bá àwọn nọ́ọ̀tì yín mu
- okùn, aṣọ ìnulẹ̀ àti ìgò òróró kékeré
- bándéèjì, òwú, oògùn apakòkòrò ojú ọgbẹ́

## Bí kẹ̀kẹ́ ṣe máa dé Àgbádárìgì

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, ẹ má gùn ún wá. Mile 2 lẹ ti máa rí bọ́ọ̀sì. Ẹ yọ táyà iwájú, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ dè é pọ̀. Báyìí, ó lè wọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Ẹ bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ owó ẹrù *kí ọkọ̀ tó gbéra*. Bẹ́ ẹ bá pọ̀, ó sàn kẹ́ ẹ gba odindi bọ́ọ̀sì. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, àti rìsíìtì kẹ̀kẹ́ bó bá wà lọ́wọ́. Ìtòsí ẹnubodè ni Àgbádárìgì, wọ́n lè da ọkọ̀ yín dúró kí wọ́n bi yín ní ibi tẹ́ ẹ ti rí ẹrù.

Ọ̀nà mìíràn ni kẹ́ ẹ sùn mọ́jú l'Ágbádárìgì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ara yín á ti balẹ̀ láàárọ̀. Èmi fẹ́ràn èyí jù.

## Lọ́jọ́ náà

1. Aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ péjọ. Ẹni tó bá pẹ́ ju aago méje lọ, kó pàdé yín níbi ìsinmi àkọ́kọ́. Oòrùn ò ní dúró dè é.
2. Ẹ ka ara yín. Ẹ pe nọ́ńbà, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kí olúkúlùkù rántí tirẹ̀. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró lẹ máa ti tún un pè.
3. Ẹ yan èèyàn mẹ́ta. Aṣáájú mọ ọ̀nà, kì í sáré. Ẹni ìkẹ́yìn lágbára, ó sì ní sùúrù. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Ẹni àárín ló gbé àpò irinṣẹ́. Ẹni tó lágbára jù nínú yín, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi í sí. Bó bá wà níwájú, á kàn sá lọ ni.
4. Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin. "Kòtò!" "Ọkọ̀ lẹ́yìn!" "Ẹ rọra!" "Ẹ dúró!" Ẹni tó bá gbọ́ ọ láti iwájú, á ké e sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.
5. Ẹ tò tẹ̀lé ara yín lápá ọ̀tún ọ̀nà, kí gígùn kẹ̀kẹ́ méjì wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì.
6. Níbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ yà, ẹ fi ẹnì kan sílẹ̀. Aṣáájú á sọ fún ẹni tó tẹ̀ lé e pé kó dúró sí ìyànà yẹn. Á máa nawọ́ sí ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà, kò sì ní kúrò títí ẹni ìkẹ́yìn fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá wọ àárín wọn. Ní ìyànà tó kàn, ẹlòmíràn ló máa dúró. Bó bá jẹ́ pé a ṣe èyí lọ́jọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Àǹtí yẹn ì bá má sọnù.
7. Ẹ sinmi lẹ́yìn gbogbo ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kódà bí kò bá rẹ̀ yín. Aṣáájú ò gbọ́dọ̀ gbéra padà ní kété tí ẹni ìkẹ́yìn bá dé. Ẹ jẹ́ kóun náà mí.

Nípa omi: ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan jẹ́ 50cl. Ẹ fi ọ̀kan sí wákàtí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì fi méjì lé e. Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń ta àgbọn tútù, ẹ rà á. Kò sí ohun tó ń tu ni lára bí omi àgbọn Àgbádárìgì láago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ kó ọ̀rá òfìfo sápò, ẹ má jù ú sọ́sà.

Ẹ kí àwọn tẹ́ ẹ bá kọjá lára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ Ègùn. Bí ẹnì kan nínú yín bá lè kí wọn ní Ègùn, ojú wọn á túká. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọ̀n. Àwọn apẹja máa ń sá àwọ̀n sílẹ̀ létí omi, okùn rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tójú ò fi ní tètè rí i. Mo ti rí i tí kẹ̀kẹ́ gun etí àwọ̀n kan, okùn náà sì wé mọ́ ìdí táyà ẹ̀yìn títí ó fi dúró gbagidi. A jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, a ń fi abẹ yọ ọ́ fọ́nrán-fọ́nrán, bàbá tó ni àwọ̀n dúró tì wá, kò sọ̀rọ̀. A san owó àwọ̀n rẹ̀, a dọ̀bálẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ la bà jẹ́. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí àwọ̀n, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́ kọjá.

## Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọjá sí Gberefu

Apá kejì ọ̀sà ni Gberefu wà, ibẹ̀ lẹ máa gbà dé Point of No Return, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọdá sókun. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní Marina, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ́hùn-ún. Iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀. Táyà á rì, ẹ ó máa tì í lábẹ́ oòrùn, iyẹ̀pẹ̀ á sì wọnú ṣéènì tí á fi máa dún kẹrẹrẹ.

1. Ẹ bá àwọn tó wà ní èbúté sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dúró sílẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí kẹ̀kẹ́ ò ti ní dí wọn lọ́wọ́.
2. Ẹ fi ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́ so kẹ̀kẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀, kí ṣéènì gba inú egungun kẹ̀kẹ́, kì í ṣe inú táyà nìkan. Èèyàn yín méjì á dúró tì í. Nígbà tí ìpín àkọ́kọ́ bá padà, àwọn náà á lọ.
3. Ẹ ná owó ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ san ìdajì, kẹ́ ẹ san ìyókù nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé. Ẹ fi ẹnu kò lórí aago tó máa wá gbé yín.
4. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún olúkúlùkù, kí wọ́n dè é pa kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ fi ọwọ́ fa ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín wò. Bí kò bá kárí, ẹ má wọlé, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "ibí yìí ò jìnnà." Omi tí ò jìnnà náà ń gbé èèyàn lọ.
5. Ẹ jókòó, ẹ má dìde ya fọ́tò.
6. Ẹ wo ojú ọ̀run. Bí òjò bá ṣú tàbí tí ìjì ń fẹ́, ọjọ́ mìíràn ni. Ẹ rí i pé ẹ ti padà sí Marina kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣú.
7. Bẹ́ ẹ bá dé etí òkun, ẹ má wẹ̀. Ìgbì ibẹ̀ lágbára, ó sì máa ń fa ẹsẹ̀ ẹni sẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kọjá, kó má ju méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú ọkọ̀, kó sì jẹ́ oní-táyà gbòòrò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má gbé e dúró. Ẹ tú atẹ́gùn díẹ̀ nínú táyà títí àtàǹpàkò yín á fi lè tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀. Á fẹ̀, kò sì ní tètè rì. Ẹ fẹ́ ẹ padà kẹ́ ẹ tó gun ọ̀dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tíúbù á fọ́ nínú kòtò àkọ́kọ́.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

- Kíkọjú sí ọkọ̀. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ẹlẹ́sẹ̀ kó máa kọjú sí ọkọ̀. Ti ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ń bá ọkọ̀ rìn lọ́nà kan náà ni, lápá ọ̀tún.
- Ìró àti ṣòkòtò gbọ̀ọ̀rọ̀. Ṣéènì á gbé e mì. Ẹ fi rọ́bà de ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún, tàbí kẹ́ ẹ kì í sínú ìbọ̀sẹ̀.
- Gbígbé ọmọ sórí káríà láìsí ibi tí á gbé ẹsẹ̀ lé. Gìgísẹ̀ ọmọ á wọ inú sípóòkù. Mo ti rí ọgbẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.
- Jíjẹ ẹ̀bà yó bọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì tàbí ẹ̀kọ díẹ̀ ti tó. Oúnjẹ ńlá dìgbà tẹ́ ẹ bá parí.
- Fífi ohun ìgbọ́rìn sétí. Ẹ ò ní gbọ́ "ọkọ̀ lẹ́yìn."
- Àìdé akoto torí pé "Marina lásán ni." Orí kan náà lẹ ń gbé kiri.

## Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹni tó bá ṣubú, tó sì forí gbálẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ní kò sóhun tó ṣe òun. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́, oòrùn ti mú un: ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, ẹ da omi sí i lára àti lórí, ẹ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì wá ọkọ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112. Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù gbogbo èèyàn láàárọ̀, kẹ́ ẹ má dúró dìgbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n.

Ẹni ìkẹ́yìn ló máa dúró ti ẹni tó ṣubú. Aṣáájú á kó àwọn tó kù sí ibì kan tó láàbò, wọn ò sì ní máa dúró sójú ọ̀nà wòran.

## Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá parí

Ẹ pe nọ́ńbà kan sí i kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀ lọ ilé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà, ẹ fi aṣọ tútù nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ gbo ṣéènì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi òróró sí i. Bó bá di ọ̀la, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ owó tẹ́ ẹ ná àti èyí tó ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Ẹ wá pe ẹni tó gbẹ́yìn lórí fóònù lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ bi í bí ìrìn náà ṣe rí lójú tirẹ̀: ibo ló ti le jù, ibo ló ti wù ú pé ká dúró tí a ò dúró. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kòtò àti fọ́kánáísà, ìwé yẹn lẹ máa gbé jáde nígbà tó bá tún kàn.